Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a Ṣe Ń Fi Òpó Kan Bo Èkejì Nínú Ṣáàtì Ìwé Ìṣirò

Excel orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ìdáhùn wọ̀nyí dá lé. Google Sheets àti LibreOffice Calc ní ìbéèrè tiwọn nísàlẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin òpó tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tó gun orí ara wọn, àti èyí tó bo ara wọn?

Bí òpó méjì bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Èyí ni Excel ń pè ní “Clustered Column”. Bí ọ̀kan bá gun orí èkejì, ìyẹn “Stacked Column”, òpó kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí àkọ́kọ́ parí sí, gíga àwọn méjèèjì lápapọ̀ sì dúró fún àròpọ̀ iye wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bo èkejì, orí òdo ni àwọn méjèèjì ti gbéra, ojú kan náà ni wọ́n sì dúró sí, tó fi jẹ́ pé èyí tó kúrú máa ń hàn bí ẹni pé inú èyí tó ga ló wà.

Èyí tó gun orí ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì yàn. Ká ní àfojúsùn oṣù kan jẹ́ 80, tí ìmúṣẹ rẹ̀ sì jẹ́ 65: bí a bá lo “Stacked Column” fún iye méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, òpó náà yóò ga dé 145, iye tí kò sí níbikíbi nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wò ó kò ní í mọ̀ pé 15 péré ló kù kí àfojúsùn pé.

Ìgbà wo ló yẹ kí a fi òpó kan bo èkejì?

Nígbà tí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà ni a fi wọn iye méjèèjì, tí ọ̀kan sì jẹ́ ààlà tàbí odindi tí a ń fi èkejì wò. Àfojúsùn àti ìmúṣẹ bá a mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí a yà sọ́tọ̀ àti owó tí a ti ná, àyè tó wà nínú dísíìkì àti èyí tí a ti lò, iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀ àti iye ẹni tó yọjú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tí òǹwòye fẹ́ mọ̀ ni bí èkejì ṣe kún àkọ́kọ́ tó, òpó tó wà nínú òpó sì ń sọ ìyẹn láìsí àlàyé púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ọdún tó kọjá àti ọdún yìí ni a ń fi wéra, òpó ẹ̀gbẹ́ ara wọn ti tó, nítorí pé kò sí èyí tó jẹ́ ààlà fún èkejì. Bí òṣùwọ̀n wọn bá sì yàtọ̀ pátápátá, irú bí wákàtí àti kìlógíráàmù, kò yẹ kí ọ̀kan wọ inú èkejì rárá, torí pé gbogbo ẹni tó bá wo irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà pé a lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Báwo ni kí a ṣe to àwọn iye náà kí a tó ya ṣáàtì?

Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta ti tó: orúkọ oṣù tàbí ìsọ̀rí ní A, àfojúsùn ní B, ìmúṣẹ ní C, kí ìlà àkọ́kọ́ sì jẹ́ àkọlé. Ẹ má ṣe fi ìlà òfìfo sáàrin, ẹ má sì ṣe kọ ẹyọ òṣùwọ̀n mọ́ ara iye nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni Excel yóò ka “80 kg” sí.

Bí kọ́lọ́ọ̀mù A bá jẹ́ ọdún, bíi 2021, 2022, 2023, Excel lè rò pé iye ni àwọn náà, kí ó sì ya òpó gàgàrà fún wọn. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì A1 sílẹ̀ lófìfo kí ẹ tó ya ṣáàtì náà, yóò sì mọ̀ pé orúkọ ìsọ̀rí ni wọ́n.

Báwo ni a ṣe ń mú kí òpó méjì bo ara wọn nínú Excel?

Ẹ sàmì sí gbogbo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ lọ sí “Insert”, kí ẹ sì yan “Clustered Column”. Nígbà tí ṣáàtì bá jáde, ẹ tẹ òpó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl àti 1 pọ̀. Lórí Mac, Command àti 1 ni. Fèrèsé “Format Data Series” yóò ṣí ní ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ “Series Options”, ẹ sún “Series Overlap” lọ sí 100%. Gbogbo òpó ni yóò sún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé gbogbo ọ̀wọ́ iye (“series”, ìyẹn àwọn iye inú kọ́lọ́ọ̀mù kan) tó wà lórí ìlà òṣùwọ̀n kan náà (“axis”, ìlà tó ní nọ́ńbà ní ẹ̀gbẹ́ ṣáàtì) ni ètò yìí ń bá wí, kì í ṣe ọ̀wọ́ tí ẹ tẹ̀ nìkan.

Bí ẹ kò bá rí “Series Overlap” níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ṣáàtì 3-D ni ẹ yà. Ṣáàtì 3-D kò ní ètò yìí, kò sì gba ìlà òṣùwọ̀n kejì. Ẹ yí i padà sí oríṣi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

Kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà tó wà nínú “Series Overlap” àti “Gap Width”?

“Series Overlap” ń lọ láti -100% dé 100%. Ní 0%, òpó méjì fara kan ara wọn. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ òdo, àlàfo wà láàrin wọn. Bí ó bá lọ sókè, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo èkejì, títí tí yóò fi bò ó pátápátá ní 100%. Láti Excel 2013, -27% ni ṣáàtì tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àlàfo díẹ̀ fi máa ń wà láàrin òpó méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

“Gap Width” ní tirẹ̀ jẹ́ àlàfo tó wà láàrin ìsọ̀rí kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, fífẹ̀ òpó kan ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ń lọ láti 0% dé 500%. Nígbà tí òpó bá ti bo ara wọn tán, 50% túmọ̀ sí pé òpó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè rẹ̀, 100% túmọ̀ sí ìdajì, 200% sì túmọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó yẹ kí àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí wà lórí ẹni, torí pé a óò tún pàdé wọn.

Mo sún un dé 100%, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan ti pòórá. Níbo ló wọ̀?

Ó wà lẹ́yìn èkejì. Ọ̀wọ́ tó bá kẹ́yìn nínú ètò ni Excel máa ń yà síwájú. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó ga jù ni ó kẹ́yìn, yóò bo gbogbo èyí tó kúrú. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ṣáàtì náà, ẹ yan “Select Data”, kí ẹ sì lo ọfà tó wà níbẹ̀ láti gbé àfojúsùn lọ sókè, kí ìmúṣẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ nínú àkójọ yẹn ló ń wá síwájú nínú àwòrán.

Bí ìmúṣẹ bá kéré ju àfojúsùn lọ ní gbogbo oṣù, ọ̀ràn parí síbẹ̀. Bí ó bá ju àfojúsùn lọ ní oṣù kan péré, àfojúsùn oṣù náà yóò tún sá pamọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tò wọ́n tí yóò fi dára fún gbogbo oṣù. Ẹ mú kí òpó iwájú tín-ín-rín, tàbí kí ẹ yọ àwọ̀ inú àfojúsùn kúrò, kí ó ku ìlà etí rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì gbé e wá síwájú.

Báwo ni a ṣe ń mú kí òpó kan tín-ín-rín, kí ó dúró nínú èyí tó fẹ̀?

Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù nìyí, nítorí pé kò sí iye tó lè sá pamọ́ nínú rẹ̀. Nítorí pé “Gap Width” kan ṣoṣo ni ìlà òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní, a ní láti gbé ọ̀wọ́ kan lọ sí ìlà òṣùwọ̀n kejì. Ẹ tẹ òpó ìmúṣẹ, ẹ tẹ Ctrl àti 1, kí ẹ sì yan “Secondary Axis”. Ohun tó wà lórí ìlà òṣùwọ̀n kejì máa ń wà níwájú ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ìmúṣẹ ni kí ẹ gbé, kì í ṣe àfojúsùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún àfojúsùn ní “Gap Width” 50%, kí ẹ fún ìmúṣẹ ní 200%. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òkè, ọ̀kan gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, èkejì gba ìdá kan nínú mẹ́ta, òpó inú yóò sì jẹ́ ìdajì fífẹ̀ òpó òde gan-an. Ẹ má ṣe kúrò nídìí ṣáàtì náà o, torí pé bó ṣe wà yìí, ó ṣeé ṣe kí ó máa parọ́.

Kí ló lè mú kí ṣáàtì tó ní ìlà òṣùwọ̀n méjì parọ́?

Nítorí pé Excel máa ń yan òpin òkè ìlà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, láìbìkítà fún èkejì. Ká ní ìlà òṣùwọ̀n àfojúsùn lọ láti 0 dé 100, tí ti ìmúṣẹ sì lọ láti 0 dé 70. Àfojúsùn tó jẹ́ 90 yóò ga dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣáàtì náà. Ìmúṣẹ tó jẹ́ 63 yóò ga dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá pẹ̀lú. Orí àwọn méjèèjì dọ́gba rẹ́gí, gbogbo ẹni tó bá sì wò ó yóò sọ pé iṣẹ́ ti pé, nígbà tí 27 ṣì kù.

Ọ̀nà tó dára jù láti tún un ṣe ni kí ẹ tẹ nọ́ńbà ìlà òṣùwọ̀n kejì, èyí tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ sì tẹ Delete. Ọ̀wọ́ ìmúṣẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n apá òsì, ṣùgbọ́n “Gap Width” tirẹ̀ kò ní yí padà. Bí iye bá tún yí padà lọ́jọ́ iwájú, àwọn méjèèjì yóò jọ máa lọ sókè sódò.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ọwọ́ kọ “Minimum” àti “Maximum” kan náà sí ìlà méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iye tuntun tó bá ju òpin tí ẹ kọ lọ yóò gé lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ìlà òṣùwọ̀n kejì pamọ́ nípa yíyan “None” fún nọ́ńbà rẹ̀ ló ṣe èyí tó burú jù, nítorí pé òṣùwọ̀n èké náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni a kó kúrò nílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti òdo?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ṣáàtì olópòó. Gíga òpó ni ojú ń kà. Bí a bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìpín tí òǹwòye ń rí kì í ṣe òótọ́ mọ́.

Òṣùwọ̀n iye méjèèjì yàtọ̀, mo sì gbé ọ̀kan lọ sí ìlà òṣùwọ̀n kejì, ṣùgbọ́n òpó ti bo ara wọn láìjẹ́ pé mo fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Bí Excel ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ọ̀wọ́ tó wà lórí ìlà kan kò mọ̀ pé èkejì wà, àárín ìsọ̀rí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró sí. Kí ó tó di pé a ń wá ọgbọ́n, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ ọ̀kan di ìlà tó ń lọ, nípasẹ̀ “Change Chart Type” àti “Combo”. Òǹwòye yóò tètè rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bí ó bá di dandan kí àwọn méjèèjì jẹ́ òpó, ẹ fi ọ̀wọ́ òfìfo méjì kún un. Lórí ìlà àkọ́kọ́, kí ọ̀wọ́ gidi wà ní àkọ́kọ́, kí òfìfo tẹ̀ lé e. Lórí ìlà kejì, kí òfìfo ṣáájú, kí ọ̀wọ́ gidi tẹ̀ lé e. Òfìfo yóò gba àyè láìyọ òpó kankan, àwọn òpó gidi yóò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fún ìlà méjèèjì ní “Series Overlap” àti “Gap Width” kan náà, kí ẹ sì pa orúkọ àwọn òfìfo rẹ́ nínú àlàyé àwọ̀ (“Legend”).

Báwo ni mo ṣe lè fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ hàn níbi tí ìmúṣẹ bá ti ju àfojúsùn lọ?

Níbí ni “Stacked Column” ti wúlò gan-an, bí a bá kọ́kọ́ pín iye sí mẹ́ta. Ní D2, ẹ kọ =MIN(B2,C2), èyí tí í ṣe apá tí a mú ṣẹ láàrin ààlà. Ní E2, ẹ kọ =MAX(0,B2-C2), èyí tó kù. Ní F2, ẹ kọ =MAX(0,C2-B2), èyí tó lé. Ẹ fa fọ́múlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálẹ̀, kí ẹ sì ya “Stacked Column” láti ara A, D, E àti F nìkan.

Fún oṣù tí àfojúsùn rẹ̀ jẹ́ 80 tí ìmúṣẹ sì jẹ́ 65, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ 65, 15 àti 0; òpó náà ga dé 80. Bí ìmúṣẹ bá jẹ́ 95, wọn yóò jẹ́ 80, 0 àti 15. Òpó náà ga dé 95, ìpààlà tó wà ní 80 sì hàn kedere. Ìlà òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń lò, nítorí náà kò sí ewu irọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé orúkọ mẹ́ta ni òǹwòye yóò kà nínú àlàyé àwọ̀, dípò méjì.

Ṣé ó ṣeé ṣe nínú Google Sheets?

Google Sheets kò ní ohun tó dà bí “Series Overlap” nínú ṣáàtì olópòó rẹ̀. Fọ́múlà mẹ́ta òkè yìí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, òun sì ni a óò gba ènìyàn nímọ̀ràn láti lò.

Bí ẹ kò bá fẹ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù kún un, ẹ yan “Combo chart”, ẹ lọ sí “Customize” àti “Series”, kí ẹ sì sọ àfojúsùn di “Stepped area”, kí ìmúṣẹ ṣì jẹ́ òpó. Àfojúsùn yóò hàn bí àtẹ̀gùn tó lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, láìsí àlàfo láàrin oṣù kan àti èkejì, àwọn òpó yóò sì dúró sórí rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé apá òsì ni ìlà òṣùwọ̀n àwọn méjèèjì wà.

LibreOffice Calc ńkọ́?

Ètò náà wà níbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ òpó, ẹ yan “Format Data Series”, kí ẹ sì ṣí “Options”. “Overlap” ni ti bíbò, “Spacing” sì ni ti àlàfo. Àǹfààní kan tí Excel kò ní ni “Show bars side by side”: bí ẹ bá sàmì sí i, àwọn òpó tó wà lórí ìlà òṣùwọ̀n méjì yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí ọ̀wọ́ òfìfo kankan. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n bo ara wọn gbọ́dọ̀ rí i pé kò sí àmì níbẹ̀.

Àwọ̀ wo ló dára jù, ṣé ó sì yẹ kí àwọ̀ fẹ́lẹ́ kí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ fún òpó ẹ̀yìn ní àwọ̀ tó rẹlẹ̀, bí àwọ̀ eérú, kí ẹ sì fún òpó iwájú ní èyí tó jinlẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé kò yẹ kí wọ́n wà pọ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí ojú wọn kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn. Búlúù àti àwọ̀ ọsàn kò ní wàhálà yẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní dúdú àti funfun, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn ju èkejì lọ.

“Transparency”, tó wà lábẹ́ “Fill”, ń mú kí àwọ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé yóò bí àwọ̀ kẹta tí kò sí nínú àlàyé àwọ̀. Ibi tí a ti rí i pé ó wúlò ni ìgbà tí a bá ń gbé ìpínká ẹgbẹ́ méjì lé ara wọn, bí máàkì kíláàsì méjì nínú ìdánwò kan náà: “Gap Width” 0%, “Series Overlap” 100%, àwọ̀ méjèèjì fẹ́lẹ́ dé 50%. Ààlà ìpele máàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún kíláàsì méjèèjì, bí iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò bá sì dọ́gba, ìdá ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ yà, kì í ṣe iye orí.

Nọ́ńbà orí òpó ń bo ara wọn. Báwo ni mo ṣe lè tò wọ́n?

Ẹ fi nọ́ńbà àfojúsùn sí “Outside End”, kí ti ìmúṣẹ sì wà ní “Inside Base”, nísàlẹ̀ òpó. Ibẹ̀ ni wọn kò ti lè pàdé láé. Nínú “Stacked Column”, “Outside End” kò sí. Nínú ọgbọ́n fọ́múlà mẹ́ta, òdo yóò máa hàn lórí oṣù tí kò ní èyí tó kù tàbí èyí tó lé: ẹ lọ sí “Number” nínú ètò nọ́ńbà òpó náà, kí ẹ sì kọ 0;-0;; sínú “Format Code”. Gbogbo òdo yóò kúrò lójú, iye tó kù kò sì ní yí padà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí iye kan bá wà lábẹ́ òdo?

Òpó tó bo ara wọn kò ní ìṣòro bí àmì iye méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà: wọn yóò jọ lọ sísàlẹ̀ láti orí òdo. Ẹ kàn gbé orúkọ oṣù lọ sísàlẹ̀ ṣáàtì nípa yíyan “Low” lábẹ́ “Label Position”, kí òpó má baà bò wọ́n. Bí àmì wọn bá yàtọ̀, ọ̀kan lọ sókè, èkejì lọ sísàlẹ̀, kò sì sí ohun tó ń bo ohun kan mọ́.

Fọ́múlà mẹ́ta nì kò gba iye abẹ́ òdo. Bí àfojúsùn bá jẹ́ -20 tí ìmúṣẹ sì jẹ́ -35, MIN yóò mú -35, F2 yóò jẹ́ òdo, E2 yóò sì ya 15 sókè, ibi tí kò sí ohun tó jọ ọ́. Fún irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí òpó tín-ín-rín nínú òpó tó fẹ̀.

Ṣáàtì mi pọ̀. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni n óò máa tún ṣe?

Rárá. Ẹ tún ọ̀kan ṣe dáadáa, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan “Save as Template”. Excel yóò fi pamọ́ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .crtx, ẹ óò sì máa rí i lábẹ́ “Templates” nígbàkigbà tí ẹ bá ń ya ṣáàtì tuntun tàbí tí ẹ bá ń yí oríṣi èyí tó wà nílẹ̀ padà.

Fún ẹni tó ń lo VBA, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún Excel, ActiveChart.ChartGroups(1).Overlap = 100 ń ṣe ti bíbò, ActiveChart.ChartGroups(1).GapWidth = 50 sì ń ṣe ti àlàfo. Ọ̀wọ́ tó wà lórí ìlà òṣùwọ̀n kejì wà nínú ChartGroups tirẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti kọ àṣẹ “Gap Width” tirẹ̀ lọ́tọ̀.